Yìnyín àkọ́rọ̀ lórí òkè Colorado: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ gun síkì níbi tí kò sí ẹ̀ṣọ́

Tí Oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, tí orí òkè tó wà lẹ́yìn Denver sì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ara ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń yá gágá láti gbé síkì jáde, ìyẹn pákó gígùn méjì tí à ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Àwọn ibùdó síkì tí wọ́n ń gbowó ẹnu-ọ̀nà kì í tíì ṣí ju ojú ọ̀nà mélòó kan lọ nígbà náà, èrò á sì ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ẹni tó bá ní síkì tirẹ̀ á wá kọrí sí Berthoud Pass tàbí Loveland Pass, níbi tí títì ti gba orí òkè kọjá, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè, á sì yọ̀ wálẹ̀ níbi tí ẹ̀ṣọ́ kankan kò ti yẹ òkè wò dè é. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, ibi tí yìnyín ti pọ̀ tó láti gun síkì gan-an ni ibi tó ti lè ya lu èèyàn, ìyẹn ni pé kó já kúrò lára òkè, kó sì ya wálẹ̀ bò ó. Gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé e kà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yìnyín Oṣù Kẹwàá

Yìnyín àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́ sórí òkè gíga láàárín ìparí Oṣù Kẹsàn-án àti Oṣù Kẹwàá. Níbi tó kọjú sí gúúsù, oòrùn á yọ́ ọ dànù láàárín ọjọ́ mélòó kan, ilẹ̀ á sì tún gbẹ. Ṣùgbọ́n níbi tó kọjú sí àríwá àti àríwá ìlà-oòrùn, pàápàá lókè ibi tí igi ti ń tán, ní nǹkan bíi mítà 3,500, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Yìnyín ibẹ̀ á dúró. Kì í nípọn, ó lè má ju sẹ̀ǹtímítà 30 tàbí 40 lọ, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́ kedere àti òru tó tutù nini.

Àárín àsìkò yẹn ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ yìnyín kò tutù tó bí a ṣe rò, ó máa ń wà ní nǹkan bíi dígíríì 0 lórí ìwọ̀n Celsius. Ojú yìnyín lókè, ní òru tí kò sí ìkùukùu, lè lọ sílẹ̀ dé dígíríì 15 nísàlẹ̀ òdo. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀: dígíríì 15 láàárín sẹ̀ǹtímítà 40, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígíríì 4 ní sẹ̀ǹtímítà 10 kọ̀ọ̀kan. Tó bá sì ti lé ní dígíríì 1 ní sẹ̀ǹtímítà 10, oru omi á máa gba àárín yìnyín gòkè, á máa dì mọ́ ara hóró tó bá bá lọ́nà, títí hóró kọ̀ọ̀kan á fi tóbi, á yọ igun, wọn ò sì ní lè di ara wọn mú mọ́. Yìnyín ṣúgà ni àwọn ará òkè ń pè é. Ẹ bù ú sọ́wọ́, ẹ fún un: bíi gààrí gbígbẹ ni, kò ní í di ìṣù láé, á kàn máa ṣàn bọ́ láàárín ìka ni. Ká ní yìnyín nípọn tó mítà méjì ni, òtútù kan náà kò ní lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí dígíríì 15 yẹn á ti tàn ká ibi tó jìn, kò sì ní í pé dígíríì 1 ní sẹ̀ǹtímítà 10. Yìnyín tó fẹ́lẹ́ ló ń bàjẹ́ jù. Òkè Colorado sì jìnnà sí òkun, yìnyín rẹ̀ kì í pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, òru rẹ̀ tutù. Ìdí nìyẹn tí ìṣòro yìí fi wọ́pọ̀ níbẹ̀ ju àwọn òkè tó wà lẹ́bàá Òkun Pàsífíìkì lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìjì ńlá á dé. Á da yìnyín tuntun lé ṣúgà lórí. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ìwọ̀-oòrùn wá á gbá yìnyín kúrò ní apá kan òkè, á kó o lọ sí apá ìlà-oòrùn, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi le bíi pátákó. Pátákó wà lókè, ṣúgà wà lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ sì dagẹ̀rẹ́. Ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ nìkan ló kù. Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni: nínú ikú mẹ́wàá tí yìnyín yíya ń fà, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé ẹni tó kú náà tàbí ẹnìkan nínú àwọn tí wọ́n jọ jáde ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ já yìnyín náà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ kó ìtàn yìnyín jọ kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ má dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jáde. Láti Oṣù Kẹwàá ni kí ẹ ti ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́ tí yìnyín bọ́ sí, bó ṣe pọ̀ tó, ọjọ́ tí ojú ọ̀run fi mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ wá. Iṣẹ́ yìí kò gba àkókò, ó sì ń sọ ju ohunkóhun tí ẹ lè fi ojú rí ní Oṣù Kọkànlá lọ, torí nígbà náà gbogbo òkè á ti funfun bákan náà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Kí ìjì ńlá àkọ́kọ́ tó dé, ẹ ya fọ́tò òkè tí ẹ fẹ́ràn láti gùn. Bí ẹ kò bá lè débẹ̀, àwọn kámẹ́rà ojú títì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Colorado gbé sẹ́bàá Loveland Pass àti Berthoud Pass wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè fi fóònù gba àwòrán ibẹ̀. Ibi tó ṣì funfun nínú fọ́tò yẹn nígbà tí gbogbo àyíká ti gbẹ, ibẹ̀ ni ṣúgà wà. Ẹ fi àmì sí i lórí máàpù. Nígbà tí ìjì bá kọjá tán, ibi tí ẹ fi àmì sí yẹn ló máa lẹ́wà jù, ibẹ̀ náà sì ni kí ẹ yẹra fún.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìròyìn Colorado Avalanche Information Center, àjọ tó ń kìlọ̀ nípa yìnyín yíya ní Colorado, tí gbogbo ayé mọ̀ sí CAIC. Ìpele márùn-ún ni wọ́n fi ń díwọ̀n ewu: 1 ni ewu tó kéré, 5 ni èyí tó burú jáì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo nọ́ńbà nìkan, wọ́n á sì ti fóònù pa. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwòrán róbótó tó ń fi hàn apá òkè wo àti gíga wo ni ìṣòro wà, kí ẹ sì ka irú ìṣòro tí wọ́n dárúkọ. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé pátákó wà lórí yìnyín aláìlera tí kì í tètè kúrò, ọ̀rọ̀ ṣúgà ni wọ́n ń sọ yẹn, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí ìjì ti lọ. Ìpele 3 ló máa ń pa èèyàn jù, kì í ṣe 4 tàbí 5, torí ní ọjọ́ 4 àti 5 ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jókòó sílé.

Ẹ rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, èèyàn díẹ̀ ló ń jáde lọ wo òkè, nítorí náà ìròyìn tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ kì í pọ̀. Pé ẹnikẹ́ni kò sọ pé yìnyín ya ní ibi tí ẹ fẹ́ lọ kò túmọ̀ sí pé kò ya.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan òkè, ẹ sì wọ̀n ọ́n

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ yìnyín tó ń ya lu èèyàn máa ń ya níbi tó dagẹ̀rẹ́ láàárín dígíríì 30 sí 45. Ojú kì í lè wọn èyí dáadáa. Ẹ lo ohun èlò ìwọ̀n inú kọ́ḿpáàsì tàbí ti fóònù, kí ẹ sì wo máàpù tó ń fi àwọ̀ hàn bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ́ tó, irú bíi CalTopo, kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìmọ̀ràn mi fún Oṣù Kọkànlá àti ìdajì àkọ́kọ́ Oṣù Kejìlá ni pé kí ẹ má kọjá dígíríì 30 rárá lápá àríwá àti ìlà-oòrùn lókè ibi tí igi ti tán. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo le jù. Ṣùgbọ́n ibi tó tẹ́jú díẹ̀ ló dára jù fún síkì nígbà yìí lọ́nàkọnà, torí àpáta kò tíì bò mọ́lẹ̀: ọ̀nà ọkọ̀ àtijọ́ tí yìnyín bò, pápá koríko, àti àárín igi níbi tí ilẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Kì í sì í ṣe ibi tí ẹ dúró sí nìkan ni kí ẹ wọ̀n. Níbi tí ṣúgà bá wà lábẹ́, èèyàn lè wà ní ìsàlẹ̀ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kó tẹ yìnyín mọ́lẹ̀, kí ìlà fífọ́ sáré gòkè, kí òkè tó wà lórí rẹ̀ sì ya wálẹ̀ bá a. Ẹ máa bi ara yín pé: kí ló wà lókè mi? Kí ló wà nísàlẹ̀ mi? Tó bá jẹ́ pé ojú odò tó rì, ọ̀gbun tàbí àpáta ló wà nísàlẹ̀, yìnyín kékeré náà tó láti sin èèyàn tàbí láti gbé e lu nǹkan.

Berthoud Pass yẹ kí n mẹ́nu kàn lọ́tọ̀. Ibùdó síkì tó ní ẹ̀ṣọ́ ni ibẹ̀ nígbà kan, wọ́n sì ti í pa ní 2001. Ojú ọ̀nà tí wọ́n gé sáàárín igi ṣì wà, ó sì ń jọ ibi tí ẹnìkan ń tọ́jú. Kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan á sọ pé, "Yìnyín ò tíì pọ̀ tó láti ya." Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹwàá 2017, lórí Imp Peak ní ìpínlẹ̀ Montana, pátákó yìnyín tí kò nípọn ju bí orúnkún lọ ya lu àwọn méjì tó ń gun síkì, ọ̀kan nínú wọn sì kú. Oṣù Kẹwàá nìyẹn, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì gbé síkì jáde kúrò nínú gáréèjì.

Ẹrù tí ẹ gbọ́dọ̀ gbé

Mẹ́ta ni kò ṣeé fi sílẹ̀, kí olúkúlùkù sì ní tirẹ̀: bíkọ̀n, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi àmì ránṣẹ́ kí bíkọ̀n àwọn yòókù lè fi wá ẹni tó rì, ọ̀pá gígùn tó ṣeé ká fún wíwá ẹni tó rì, àti ṣọ́bìrì onírin. Àṣíborí ni ẹ̀kẹrin, tí ń óò sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ pààrọ̀ bátìrì bíkọ̀n, kí ẹ má lo èyí tó ti sùn nínú rẹ̀ láti oṣù kẹrin. Ẹ so bíkọ̀n mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ òkè, kí ẹ má jù ú sínú àpò ẹ̀yìn, kí ẹ sì jẹ́ kí fóònù jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 20, tàbí 50 tí ẹ bá ń fi wá ẹnìkan. Níbi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí, kí ẹnìkan dúró, kí àwọn yòókù máa kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè gbọ́ pé ti kálukú ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ kò bá tíì lò ó rí láti ọdún tó kọjá, ẹ lọ sí pápá ìṣeré kan, ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sínú àpò, ẹ wá a títí ọwọ́ yín á fi yá. Kíláàsì ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ń gun síkì níbi tí kò sí ẹ̀ṣọ́ dára púpọ̀. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra síkì tuntun, ẹ fi san tirẹ̀ ná.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ sọ̀rọ̀ síta

Èyí kan àwa Yorùbá dáadáa. Tí ẹgbẹ́ bá jáde, tí ẹ̀gbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tó ti ń gun síkì tipẹ́, àwọn tó kù máa ń fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ọ̀wọ̀ ni, ó sì dára nílé. Lórí òkè, ó lè pa gbogbo yín. Kí ẹ tó gbéra, ẹ fi ẹnu kò pé ẹnikẹ́ni tó bá ní "rárá", ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, kò sí pé ẹ ń bẹ̀ ẹ́ tàbí ẹ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Àbúrò tó kéré jù gbọ́dọ̀ lè ṣí ẹnu sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò ní lè gba ibí yìí," kí ẹ̀gbọ́n náà sì dáhùn pé, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà." Tí ẹ̀gbọ́n bá jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ní tòótọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bi àwọn àbúrò pé kí ni wọ́n rí.

Ẹ sọ aago tí ẹ ó padà, kí ẹ sì fi í tó ẹnìkan létí nílé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi ojú, etí àti ẹsẹ̀ ka òkè

Àmì mẹ́ta ló wà tí kò nílò àlàyé. Ibi tí yìnyín ti ya láìpẹ́ lórí òkè tó jọ tiyín. Ìlà fífọ́ tó ń sáré láti iwájú síkì yín bí ẹ ṣe ń rìn. Àti ìró kan, wùùùm, tó jinlẹ̀, tí ilẹ̀ á sì rì díẹ̀ lábẹ́ yín: ṣúgà ló wó lábẹ́ pátákó yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ níbi tó tẹ́jú ti ríre, òkè ti kìlọ̀ fún un. Kó yí padà lọ sí ibi tí kò dagẹ̀rẹ́, kí ó má wá àwíjàre kankan.

Ẹ yí igi ìtilẹ̀ yín padà lóòrèkóòrè, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ gún yìnyín títí dé ilẹ̀. Tó bá kọ́kọ́ le, tó wá rọ̀ lójijì, tó sì bọ́ sílẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ẹni pé ihò wà níbẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó wà lábẹ́. Ní ọ̀nà tí ẹ gbà gòkè, ẹ lè ṣe é nígbàkígbà, kò sì ní í dá yín dúró.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbẹ́ kòtò

Ní Oṣù Kejì, kòtò lè jìn tó mítà méjì, ó sì ń gba agbára. Ní Oṣù Kọkànlá, ẹ ó kan ilẹ̀ kí ẹ tó làágùn, nítorí náà kò sí àwáwí.

Ẹ wá ibi kékeré tí kò léwu, tí kò pé dígíríì 30, tó kọjú sí apá kan náà pẹ̀lú ibi tí ẹ fẹ́ gùn, tó sì wà ní gíga kan náà. Ẹ gbẹ́ ẹ títí dé koríko tàbí àpáta. Ẹ fi ṣọ́bìrì fá ògiri tó wà lápá òkè kí ó dán, kí ó sì dúró gbọn-in. Ẹ wá máa ti ọwọ́ bọ ògiri náà láti òkè lọ sísàlẹ̀, láìfi agbára tì í. Níbi tí ìkúùkù bá ti wọlé, ó rọ̀ gan-an. Níbi tí ìka mẹ́rin ń wọ̀, ó le díẹ̀. Ìka kan ni ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà pẹ́ńsù, ọ̀bẹ ló gbẹ̀yìn. Ohun tí ẹ ń wá ni ibi tí ìka kan ṣoṣo ń wọ̀ lókè, tí ìkúùkù sì ń wọlé wẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ bu yìnyín ìsàlẹ̀ yẹn sórí ìbọ̀wọ́ dúdú, ẹ wò ó dáadáa: hóró ṣúgà máa ń dán yinrinyinrin, ó ní igun, ẹ sì lè rí i lọ́kọ̀ọ̀kan láìlo awò.

Tí ẹ bá rí i, ẹ dán an wò. Ẹ gé òpó yìnyín kan yọ, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90 lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, kí ó sì wọ inú tó sẹ̀ǹtímítà 30. Okùn tó ní kókó tàbí ayùn lẹ ó fi gé ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé ojú ṣọ́bìrì lé igun kan lórí òpó náà, kí ẹ máa lù ú: ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láti ọrùn ọwọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láti ìgùnpá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láti èjìká. Tí ìlà fífọ́ bá jáde, tó sì la òpó náà já láti etí kan dé èkejì nígbà tí ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà tàbí lẹ́ẹ̀kan sí i, pátákó yẹn lè gbé ìfọ́ káàkiri òkè. Ẹ wálẹ̀ láti ibi tí ẹ gbà gòkè.

Tí kò bá wá fọ́ ńkọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí mi jù. Àbájáde tó burú, ẹ gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Àbájáde tó dára kò fún yín láṣẹ ohunkóhun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, yìnyín kì í rí bákan náà ní mítà mẹ́wàá síra: ó fẹ́lẹ́ lórí àpáta, ó nípọn nínú kòtò, ṣúgà rẹ̀ sì máa ń pọ̀ jù ní etí àpáta àti lẹ́bàá igbó kéékèèké. Kòtò kan ń sọ nípa ojú kòtò yẹn nìkan. Ìdí tí ẹ fi ń gbẹ́ ẹ ni láti wá ìdí tí ẹ ó fi padà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ ó ṣe wálẹ̀

Ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó kù á dúró níbi tí yìnyín kò lè dé, wọn kò sì ní gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ẹ má sáré. Àpáta àti kùkùté igi wà ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ sábẹ́ síkì yín, ìdí tí mo fi mẹ́nu kan àṣíborí nìyẹn. Bíi ìdá mẹ́rin kan àwọn tí yìnyín yíya ń pa ló jẹ́ pé ìfarapa ló pa wọ́n, kì í ṣe àìrí èémí mí. Ní Oṣù Kọkànlá, yìnyín tí kò tó láti bo èèyàn mọ́lẹ̀ lè wọ́ ọ gba orí àpáta, àpò ẹ̀yìn tó ń wú bíi bàlúù, tí àwọn kan ń gbé kí yìnyín má bàa bò wọ́n, kò sì lè gbà á lọ́wọ́ àpáta.

Tó bá ya ńkọ́?

Ẹni tó wà nínú rẹ̀: pariwo kí wọ́n rí ọ, gbìyànjú láti yọ sí ẹ̀gbẹ́, jà láti wà lókè. Tí ó bá ti fẹ́ dúró, fi ọwọ́ bo iwájú ẹnu àti imú kí àyè lè wà láti mí.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ ní bíi ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn rẹ̀ ìrètí máa ń já wálẹ̀ kíákíá, nítorí náà ẹ̀yin gan-an ni olùgbàlà, kì í ṣe ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú. Ẹ wo ibi tí ẹ ti rí i kẹ́yìn. Ẹ wò bóyá òkè mìíràn ṣì lè ya. Kí ẹnìkan pe 911 tàbí kó tẹ ẹ̀rọ sátẹ́láìtì, tí ẹ bá pọ̀ tó láti yọ ẹnìkan sílẹ̀. Kí gbogbo yín yí bíkọ̀n sí ìwákiri, kódà ẹni tí kò ní wá, torí bíkọ̀n kan tó ṣì ń fi àmì ránṣẹ́ lè dà yín lọ́kàn rú. Ẹ wá ìbọ̀wọ́, síkì tàbí ẹsẹ̀ tó yọ síta bí ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Tí nọ́ńbà ojú bíkọ̀n, tó ń sọ bí ẹni náà ṣe jìnnà tó, bá ti kéré, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí bíkọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yìnyín, ẹ wá ibi tí nọ́ńbà ti kéré jù. Ẹ fi ọ̀pá gún un ní àyíká ibẹ̀, bí ìgbín ṣe ń yí karahun, sẹ̀ǹtímítà 25 síra. Tí ọ̀pá bá kan èèyàn, ẹ má fà á yọ. Ẹ sún sẹ́yìn lápá ìsàlẹ̀ òkè, ní bíi ìlọ́po kan ààbọ̀ bí ó ṣe jìn, kí ẹ gbẹ́ lọ bá a láti ibẹ̀, kí ẹ máa ti yìnyín sẹ́yìn. Ojú àti àyà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú sílẹ̀. Ẹ kó yìnyín kúrò ní ẹnu rẹ̀, ẹ wò bóyá ó ń mí, tí kò bá mí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní èémí kíá, kí ẹ sì tẹ àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ bò ó kí òtútù má bàa pa á.

Ní ọjọ́ tí nǹkankan kò ṣẹlẹ̀, tí ẹ kàn gbẹ́ kòtò tí ẹ sì padà sílé, ẹ kọ ohun tí ẹ rí ránṣẹ́ sí CAIC lórí ìkànnì wọn: ibi tí ẹ lọ, apá tí òkè kọjú sí, bí yìnyín ṣe nípọn tó, bóyá ẹ gbọ́ wùùùm. Fọ́tò kan àti ìlà mẹ́ta ti tó. Ní Oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá, ìlà mẹ́ta yẹn lè jẹ́ gbogbo ohun tí àwọn tó ń kọ ìròyìn ní nípa òkè náà fún ọ̀sẹ̀ yẹn.